Àtàǹpàkò Ìyè Lórí Ìwé Tó Lọ sí Lẹ́bánónì

Òórùn léèdì tó ń yọ́ ni mo fi mọ Bọ̀ọ̀dá Délé, àbúrò bàbá mi. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, mi ò tíì ní dé ìdí igi ọsàn tó wà níwájú ilé wa ní Japara, n'Íjẹ̀bú-Igbó, tí imú mi á ti sọ fún mi bóyá ó wà nílé tàbí kò sí. Iná ìjọba kì í dúró lọ́dọ̀ wa nígbà náà (ẹ má bi mí léèrè ti ìsinsìnyí), nítorí náà inú ẹyin iná tí ìyá mi fi ń lọ aṣọ ló ti ń mú irin ṣóńṣó rẹ̀ gbóná. Á ki irin náà bọ iná, á fi kan léèdì, èéfín funfun kan á rú jáde, á sì dà pọ̀ mọ́ èéfín ẹja tí ìyá àgbà mi ń yan lẹ́yìn ilé. Títí di òní, bí mo bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe kọjá l'Ágọ̀-Ìwòyè tí mo ń gbé, ẹja yíyan ló máa ń wù mí jẹ.

Ìyè ni gbogbo ilé ń pe ìyá àgbà náà, bí a ti ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Òun ló bí bàbá mi, òun náà ló bí Bọ̀ọ̀dá Délé ní àbígbẹ̀yìn. Ọmọ Makun-Omi ni, létí omi lọ́hùn-ún. Ẹja tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń kó ránṣẹ́ sí i láti ibẹ̀ ló ń yan tà. Aládùúrà pọ́ńbélé ni pẹ̀lú. Bó bá ti wọ sùtánà, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun tó lè mú un pa àdúrà agogo mẹ́fà jẹ. Kò mọ̀wé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ bó bá ní kí n ka ìwé kan fún òun, mo gbọ́dọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó lè mọ̀ bóyá mo fo nǹkan kan.

Àárọ̀ Sátidé kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bọ̀ọ̀dá Délé ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko wé wáyà bàbà mọ́ ara agolo mílíìkì. Ó ti na wáyà gígùn kan láti fèrèsé yàrá rẹ̀ lọ sórí igi ọsàn, ó sì ti ri irin kan mọ́lẹ̀ níbi tí a ti ń da omi ìfọṣọ sí, ó ní ilẹ̀ tútù ni rédíò ń fẹ́. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ó jó kinní bíńtín kan bí ẹyọ ìrẹsì mọ́, tó ń pè ní dáyóòdù. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Kò sí iná. Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó ní, "Délé, bí èyí bá sọ̀rọ̀, èmi náà á fò."  Bọ̀ọ̀dá Délé lọ pe Ìyè wá láti ìdí ẹja, ó ní kó jókòó sórí àpótí, ó sì ki kinní kékeré kan tó fi wáyà so mọ́ agolo náà bọ̀ ọ́ létí.

Ìyè jókòó tòun ti ọwọ́ tó kún fún èédú. Ó dijú. Lójijì ó fò sókè, àpótí dojú dé, ó fa kinní náà yọ létí, ó sì pariwo "Jésù!" lẹ́ẹ̀mẹta, débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú.

"Wẹ́n mà ń sọ̀rọ̀ nínú agolo, Délé! Ẹ̀mí ta rè é?"

"Rédíò ni, Ìyè mi. Ìròyìn ni wọ́n ń kà."

"Kò ní bátìrì, kò ní iná. Kí ló wá ń jẹ?"

"Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà ló ń jẹ."

Ìyè gbójú sókè wo òfuurufú bí ẹni tó fẹ́ rí wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu etí rẹ̀, ó gbé àpótí dìde, ó sì ní kí wọ́n ki i bọ òun létí padà. Ó gbọ́ ọ títí ẹja fi jóná. Bàbá mi kò fò o. Ó ní òun gbàgbé pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi náà gbọ́ ọ nígbà tó kàn mí. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó tín-ín-rín, ó ń ka orúkọ àwọn òkú tí wọ́n fẹ́ sin, ìlú tí wọ́n ti wá, àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo rò ó pé àwọn òkú náà wà nínú agolo ọ̀hún. Bọ̀ọ̀dá Délé rẹ́rìn-ín, ó ní ìkéde lásán ni, pé bí èèyàn ńlá bá kú, àwọn ẹbí á gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kí gbogbo ayé lè gbọ́. "Gbogbo ayé kẹ̀, Bọ̀ọ̀dá?" mo bi í. Ó ní, "Ibi yòówù tí wáyà ẹni bá gùn dé."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ wáyà, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka àwọn tó ń fi rédíò ránṣẹ́. Ó di kọ́pùrà. Ní ọjọ́ kan ó wá sílé tòun ti àpò ńlá kan, ó ní wọ́n ń kó àwọn lọ sí Lẹ́bánónì, láti lọ dúró láàárín àwọn tó ń bá ara wọn jà níbẹ̀. Ìyè kò sunkún. Ó bu òróró àdúrà lé e lórí, ó ní kó máa jẹun, kó máa gbàdúrà. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ gbé e lọ tán, ó lọ jókòó sí ìdí igi ọsàn lábẹ́ wáyà yẹn, kò sì yan ẹja kankan lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe di akọ̀wé Ìyè nìyẹn. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni a ń kọ̀wé. Ó máa ń jókòó sídìí ààrò, èmi á jókòó sórí ẹní, á máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá sí i lẹ́nu: ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ewúrẹ́ tó jẹ sùtánà rẹ̀ níbi tó sá a sí. Bí mo bá kọ ohun tí kò sọ, ó máa ń mọ̀. Bí ó bá ti parí, á fi àtàǹpàkò ọ̀tún nu ẹ̀yìn ìkòkò dúdú, á sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé. "Kí ọma mi lè mọ̀ pé èmi rè é," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Àtàǹpàkò náà fẹ̀, ó sì ní àpá ọ̀bẹ kan tó dá a sí méjì.

Bọ̀ọ̀dá Délé náà ń fèsì. Èmi ni mo ń ka èsì rẹ̀ fún Ìyè, lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe fẹ́. Ó ní òun ti ra rédíò kan níbẹ̀, ara rẹ̀ dúdú, ó sì ní ṣọ́ọ̀tì wéèfù mẹ́rin, ìyẹn ìgbì tó ń gbé ohùn ìlú òkèèrè wá, àti pé òun ti na wáyà rẹ̀ láti ẹnu àgọ́ lọ sórí igi ólífì. Nígbà tí Ìyè gbọ́ ólífì, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣì ku igi náà sí ayé, ó rò pé inú Bíbélì nìkan ló wà. Bọ̀ọ̀dá ní òun ti ra ìwé ìkọ̀wé kan, tí òun ń kọ gbogbo ohun tí òun bá gbọ́ sí: ọjọ́, aago, mítà tó wà, bí ohùn ṣe mọ́ tó. Ó gbọ́ Lárúbáwá, ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ èdè tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìyè mi, lánàá ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ilé. Mítà ọgọ́ta ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbì Òde-Omi tó wà lẹ́bàá Makun-Omi yín, àmọ́ Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Mo dìde dúró ni."

Ìyè pàtẹ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá mi kàn mirí ni. "Irọ́ ni Délé ń pa," ó ní. "Rédíò ilé wa yìí kan náà tí mo gbé lọ sí Òde-Omi nígbà tí mo lọ kan ọkọ̀ fún wọn, ariwo ló ń ṣe ṣáá. Kò dé Òde-Omi, kó wá dé Lẹ́bánónì?" Ó dún bí òótọ́ létí mi. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé tó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀tì wéèfù lè fo Òde-Omi dá kó lọ balẹ̀ sí ìlú mìíràn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí nílé.

Ọjọ́ Túsìdé kan ni Ìyè kú. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó tẹríba láti yí ẹja padà, ó ní àyà ń dun òun díẹ̀, ó jókòó ti ògiri. Nígbà tí ìyá mi fi máa gbé omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ. Ẹja ṣì wà lórí iná. Mo rántí pé èmi ni mo yọ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò sí ẹni tó sọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún mi. Ọwọ́ mi bó. Mi ò mọ̀ pé ó bó títí di ọjọ́ kejì.

Bí wọ́n ṣe ń sunkún lọ́wọ́ ni bàbá mi ti bọ́ sí àárín ilé, tó ní, "Délé ò gbọdọ̀ gbọ́." Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: a kì í ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ẹni tó wà ní ìdálẹ̀. Wọ́n ní ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa dì í mú, ta ló mọ ohun tó lè fi ara rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ kó dé ná," bàbá mi ní. Ọ̀rọ̀ tó fi ń parí gbogbo àríyànjiyàn ní ilé wa nìyẹn, láti orí òrùlé tó ń jò dé orí owó ilé ìwé: ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún dé ná. Ó wá yíjú sí mi. "Fọlákẹ́, ìwọ á máa kọ ìwé náà lọ bí o ṣe ń kọ ọ́. Ìyè ló ń kọ ọ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, sà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, mo jókòó sórí ẹní níwájú ààrò tó ti tutù, mo sì kọ ọ́ pé ewúrẹ́ ti bímọ, àti pé àyà kò dun Ìyè rárá. Mi ò mọ ohun tó mú mi kọ ti àyà síbẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo tún òmíràn kọ. Ó ku àtàǹpàkò. Mo fi tèmi nu ẹ̀yìn ìkòkò, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí Ìyè máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Mo wò ó. Ó rí tóóró. Mo yí ìka mi sọ́tùn-ún sósì kó lè fẹ̀ díẹ̀, ó wá bàjẹ́ sí i. Mo pa ìwé dé kíákíá, mo gbé e fún bàbá mi.

Àmọ́ bàbá mi yìí kan náà, tó ní Délé ò gbọdọ̀ gbọ́, fẹ́ kí ìsìnkú ìyá rẹ̀ dún. Ìjọ ti mú ọjọ́, àwọn ará Makun-Omi ti ní àwọn ń bọ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó gbé orúkọ Ìyè lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kà á, gbogbo wa pé jọ sí yàrá àlejò ní ìrọ̀lẹ́, rédíò wà lójú fèrèsé, àwọn ìyá ìjọ jókòó nínú sùtánà, àwọn ọmọdé wà nílẹ̀. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ lù. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó dé orí tiwa: ìyá rere, Rúùtù, ọmọ bíbí Makun-Omi, tó fi Japara n'Íjẹ̀bú-Igbó ṣe ilé. Àwọn ìyá ìjọ ń mi orí. Ó dárúkọ bàbá mi, bàbá mi na àyà. Ó wá ní, "àti Kọ́pùrà Délé, tó wà lókè òkun."

 Mo rí i bí mo ṣe ń rí yín yìí: igi ólífì, wáyà, rédíò dúdú oní ṣọ́ọ̀tì wéèfù mẹ́rin.

"Bàbá," mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Délé ń gbọ́ rédíò."

 Bàbá mi wò mí, ó wo rédíò, ó tún wò mí. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, tí ó wá fi agbára dá a padà. "Gbọ́ kí ni? Níbo?" ó ní. "Mo ti sọ fún ẹ pé kò dé Òde-Omi." Ó sì rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, ó sì pa rédíò náà.

Mi ò lè ṣàlàyé bí ẹ̀rù ṣe bà mí tó láàárín ọjọ́ náà sí ọjọ́ tí ìwé Bọ̀ọ̀dá dé. Mi ò lè jẹun dáadáa.  Mo ń rí i pé ó gbọ́, pé ó ti gbé ìbọn, pé wọ́n ń bọ̀ wá sọ fún wa. Tí ọkọ̀ àwọn ológun kan bá gba ọ̀nà Japara kọjá, inú ilé ni mo máa ń sá sí. Ọ̀sẹ̀ méje ni. Lọ́jọ́ tí ìwé náà dé, ìyá mi ló bá mi ya á.

"Ìyè mi ọ̀wọ́n," ó kọ ọ́. "Mo rí ìwé yín gbà. Inú mi dùn pé ewúrẹ́ ti bímọ. Mo ń jẹun, mo sì ń gbàdúrà. Ẹ bá mi kí akọ̀wé yín, ẹ sọ fún un pé ìkọ̀wé rẹ̀ ti ń dára sí i."

Mo jókòó sílẹ̀ bákan náà, mo sunkún ayọ̀. Bàbá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè fún gbogbo ilé. "Ṣé ẹ rí i? Irọ́ ló ń pa pé òun ń gbọ́ wa. Kò gbọ́ nǹkan kan." Mi ò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Ìyè ti kú. Èmi náà, láti ọjọ́ yẹn, mo fi ọkàn balẹ̀ máa pa irọ́ mi lọ. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé mo ń bá a wí nínú ìwé bí Ìyè ṣe máa ń bá a wí, pé kó má gbàgbé àdúrà agogo mẹ́fà. Ó máa ń fèsì pé, "Mo ti gbọ́, Ìyè mi." Oṣù mẹ́jọ ni a fi ṣe é.

Nígbà tó padà wálé, àwọn àgbà ti dúró dè é. Wọn kò jẹ́ kó bọ́ sẹ́yìn ilé. Wọ́n fi í jókòó sáàárín ọkùnrin méjì tó lágbára, wọ́n gbé omi síwájú rẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n yí ọ̀rọ̀ po títí, bàbá mi wá ní, "Délé, Ìyè ti fi wá sílẹ̀." Bọ̀ọ̀dá Délé pariwo. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ó ń yí nílẹ̀, ó ní wọ́n ti pa òun, ó ní ta ló wá ń kọ̀wé sí òun. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dì í mú. Bàbá mi ń sunkún, ó ń sọ pé, "Nítorí rẹ ni o, àbúrò mi, kí nǹkan má baà ṣe ẹ́." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì mí bí ẹni pé èmi ni mo pa Ìyè.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, ó rán mi lọ mú abẹ fún un nínú àpò ńlá yẹn, ó fẹ́ bó ọsàn. Ìwé ìkọ̀wé kan wà lábẹ́ aṣọ. Mo mọ̀ pé ìwé rédíò rẹ̀ ni, mo sì ṣí i, torí ọmọ tó ń kọ̀wé fúnni, ó máa ń fẹ́ ka ti ẹlòmíràn. Ó fa ìlà sí i nínú bí ìwé ilé ẹ̀kọ́: ọjọ́, aago, mítà, ohun tó gbọ́. Ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Mo ṣí i dé ibì kan tí ojú ewé ṣófo púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀.

"Mítà ọgọ́ta. Agogo méje ààbọ̀ níbí, mẹ́fà ààbọ̀ nílé. Ohùn mọ́ kedere, kò lọ, kò bọ̀. Ìkéde òkú. Ìyè mi. Mo pa rédíò."

Mo wo ọjọ́ tó kọ síbẹ̀. Mo tún un wò. Ọjọ́ tí gbogbo wa jókòó sí yàrá àlejò ni. Gbogbo ìwé irọ́ mi tó rí gbà, gbogbo èsì tó fi dá mi lóhùn, ewúrẹ́, àdúrà, "Mo ti gbọ́, Ìyè mi", ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn.  Mo jókòó sórí àpò náà, mi ò sì lè pa ìwé ọ̀hún dé.

Òun ló wá bá mi nígbà tó dúró títí tí kò rí abẹ. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Kò bínú. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi.

"Ta ló ń tẹ àtàǹpàkò?" ó bi mí.

"Èmi ni, sà."

"Mo mọ̀. Kò ní àpá, ó sì kéré." Ó wo àtàǹpàkò mi. "Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìkéde náà, omi ò jáde lójú mi. Ó dà bíi pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí. Ìgbà tí ìwé rẹ dé, tí mo rí àtàǹpàkò ọmọdé tí wọ́n yí síwá sẹ́yìn kó lè fẹ̀, abẹ́ kúbùsù ni mo wọ̀, tí mo sunkún títí."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Bàbá ẹ ló gbé ìkéde náà lọ. Bó bá mọ̀ pé mo gbọ́ ọ, kò ní dárí ji ara rẹ̀. Ìwọ náà ò ní kọ̀wé sí mi mọ́. Mo sì ń fẹ́ ìwé náà, Fọlákẹ́. Ìwọ nìkan lo ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi Ìyè." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. "Má sọ fún bàbá ẹ. Jẹ́ kó máa rò pé ó ṣe é fún mi."

"Ṣùgbọ́n ẹ pariwo lọ́jọ́ yẹn, ẹ ṣubú..."

"Wọ́n ti múra sílẹ̀ dè mí, kí ni kí n ṣe?"

Mi ò sọ fún bàbá mi títí ó fi kú.

Bọ̀ọ̀dá Délé fẹ̀yìn tì, ó padà sí Japara, ó ń tún rédíò ṣe títí àwọn èèyàn kò fi gbé rédíò wá mọ́. Ọmọ mi Tóbi, abẹ́ igi ọsàn yẹn ló ti kọ́ ọ láti jó léèdì. Tóbi wà ní Kánádà báyìí, ó ń kàwé. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Délé kú lóṣù tó kọjá, àwọn ẹbí bi mí bóyá a ti sọ fún un. Mo gbọ́ tí mo ń sọ pé ìdánwò ló wà lọ́rùn rẹ̀, pé kò sí ẹni tó máa dì í mú níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó dé ná." Ẹnu tèmi ló ti jáde, kò yà mí lẹ́nu rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé Bàbá Délé ń sinmi, wọ́n ní kí n kí ẹ.

Lánàá ni wọ́n kó àwọn ẹrù rẹ̀ fún mi. Agolo bisikíìtì kan wà níbẹ̀, àwọn ìwé mi sì wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn pátá, ó dì wọ́n pẹ̀lú wáyà bàbà. Mo tú wọn. Àwọn àtàǹpàkò Ìyè ló ṣáájú, wọ́n fẹ̀, àpá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tóóró dé. Mo gbé àtàǹpàkò ọ̀tún mi lé e. Ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ó sì kù síta lọ́tùn-ún àti lósì.  Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó tẹ èyí, wọ́n pàṣẹ fún un ni, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá òun náà fẹ́ sunkún. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo mọ ohun tó wà nínú ìwé rédíò yẹn, ta ló pàṣẹ fún mi? Àtàǹpàkò kan náà tí mo fi tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn ni mo fi ń tẹ fóònù.

Mo pe Tóbi. Ó gbé e.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá Délé ńkọ́, ara wọn ti yá?"

Mo sọ fún un. Mi ò yí ọ̀rọ̀ po. Mo ní wọ́n ti kú, mo ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní irọ́ ni gbogbo èyí tí mo ń fi ránṣẹ́, kó má bínú sí mi.  Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ tó ń sunkún, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. Mi ò ní kó dákẹ́. Mo jókòó ti ògiri, àwọn ìwé wà lórí ẹsẹ̀ mi, mo bá a sunkún, mi ò sì pa fóònù.